Orí Keje: Òdòdó Rósì Inú Ọgbà, Àwọn Oríṣi Rẹ̀ àti Ìwúlò Wọn

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń gbin igi àti ewéko sí àyíká ilé, kì í ṣe ti jíjẹ nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti wíwò lásán. Nítorí pé lójú àwọn bàbá wa, igi tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sí ẹ̀bá ògiri gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe fún onílé, ìbáà jẹ́ pé yóò pa ààlà láàárín agbo ilé méjì, ìbáà jẹ́ pé yóò ṣíji bo àwọn àgbà tí ń ta ayò lọ́sàn-án, tàbí pé ewé rẹ̀ ni a ó já ní ọjọ́ tí a bá ń fi ènìyàn joyè. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa rósì, tí í ṣe àlejò láàárín àwọn igi ilé wa, yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ́kọ́ mọ àwọn onílé tí àlejò náà wá bá, àti ojú ọjọ́ tí àwọn onílé náà ń gbé inú rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe mú ìlú méjì tí wọ́n múlé ti ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí, èyí ni Ìlobùú, ìlú Olóbùú, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú Olúfọ́n, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orólù.

Ìlú méjèèjì wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí igbó ńlá ti ń parí tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a tún padà wá rọ̀ gidigidi títí di oṣù kẹwàá; lẹ́yìn èyí ni ẹ̀ẹ̀rùn yóò gba ilẹ̀, tí ọyẹ́ yóò sì dé ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, tí ètè yóò máa là, tí ewé igi yóò sì máa wọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ojú ọjọ́ yìí ni yóò dájọ́ oríṣi rósì tí yóò yè àti oríṣi tí yóò kú.

Àwọn igi tí ó ti wà nílẹ̀

Ní Ìlobùú, a kò lè sọ̀rọ̀ ewé kí a má dárúkọ Ẹrinlẹ̀. Ẹrinlẹ̀ ni odò tí ń ṣàn ní ẹ̀bá ìlú náà kí ó tó lọ dà sínú Ọ̀ṣun. Òun náà sì ni òrìṣà tí ìtàn pè ní ọdẹ àti oníṣègùn, ọlọ́gbọ́n inú igbó àti ti ibú. Ìlobùú wà lára àwọn ìlú tí ìsìn Ẹrinlẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá, òkìkí rẹ̀ sì kọjá òkun dé Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú ní ayé àtijọ́ ti ń bọ ọ́ ní orúkọ Inle títí di òní. Ní Ìfọ́n ẹ̀wẹ̀, Òrìṣà Olúfọ́n ni baba ìlú, Ọbàtálá, Òrìṣà-ńlá, alábàláàṣẹ, aláàlà tí kì í wọ aṣọ mìíràn ju funfun lọ. Ẹfun, òrí, ìgbín àti sẹ́sẹ́ẹfun ni wọ́n fi ń júbà rẹ̀, ohun gbogbo tí ó bá tutù tí ó sì mọ́ ni ó bá a lára mu. Láàárín oníṣègùn àti aláṣọ funfun yìí, kò yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í gbin igi láìmọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

Pèrègún ni kí a kọ́kọ́ mẹ́nu kàn. Bí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tí a fi gúnlẹ̀ nígbà òjò, yóò hù. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í sì í tètè pa á. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi sọ ọ́ di àmì ààlà, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, pèrègún ni ẹlẹ́rìí tí a ń lọ wò. A rí i ní ojúbọ pẹ̀lú. Àwọn tí ó ti gbé ẹ̀bá rẹ̀ rí mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé ìwé kò mọ̀, pé pèrègún a máa tanná: ìtànná wẹ́wẹ́ funfun ni, alẹ́ ni ó sì máa ń là, tí òórùn dídùn rẹ̀ yóò gba gbogbo àgbàlá nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀. Akòko ni èkejì, igi oyè, tí a ń fi ewé rẹ̀ lé orí ọba àti ìjòyè kí ayé tó gbà pé ó ti joyè. Òun náà a máa tan ìtànná tí ó dàbí èsè àlùkò fífẹ́lẹ́, ó sì ń hù láti ara ẹ̀ka tí a bá fi gúnlẹ̀. Òdúndún, ọba ewé, nípọn, ó tutù, ó ń gba omi pamọ́ sínú ewé rẹ̀. Òun àti rinrin àti tẹ̀tẹ̀ kì í jìnnà síra wọn nínú àdúrà àti nínú àgbo. Bọ̀tújẹ̀ ni ti ọgbà yíyí ká, nítorí ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́.

A ka gbogbo ìwọ̀nyí kí ó lè yé akẹ́kọ̀ọ́ pé ọgbà ilé kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, àti pé ìbéèrè tí àwọn bàbá wa máa ń bi igi kí wọ́n tó gbìn ín, èyí tí í ṣe “iṣẹ́ wo ni ìwọ yóò ṣe?”, ni ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi rósì pẹ̀lú. Rósì kì í ṣe ẹyọ kan. Ìran púpọ̀ ni, ìran kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ra rósì nítorí ẹwà rẹ̀ nìkan láìbèèrè ìran rẹ̀ ni ó máa ń padà wá sọ pé rósì kì í ṣe ohun ilẹ̀ wa.

Bí a ṣe ń dá rósì mọ̀

Rósì jẹ́ igi kúkúrú tí ó ní ẹ̀gún. Oríṣi rẹ̀ tí ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó lé ní 100, gbogbo wọn ni ó sì ti apá àríwá ayé wá, láti Ṣáínà àti Jàpáànì dé Pásíà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti àríwá. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà olóoru, ẹyọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi sí i, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rosa abyssinica, tí ó ń hù lórí àwọn òkè gíga Etiópíà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ènìyàn ni ó gbé rósì wá.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ẹ̀ka rósì kan lọ́wọ́, kí ó sì wò ó dáadáa. Ewé rẹ̀ kì í dá wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ewé kéékèèké márùn-ún tàbí méje ni ó máa ń tò sórí ọ̀pá ewé kan, méjì-méjì ní ìdojúkọ ara wọn, tí ọ̀kan yóò sì dá dúró ní ìparí, etí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní eyín wẹ́wẹ́. Ẹ̀gún rẹ̀ kò ti inú igi wá bí ti ọsàn, ara èèpo ni ó wà, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fi àtàǹpàkò tì í láti ẹ̀gbẹ́, yóò jábọ́, yóò sì fi ojú àpá kékeré kan sílẹ̀ láìṣe ara igi léṣe. Ìtànná rósì inú igbó kò ju ewé òdòdó márùn-ún lọ. Ti inú ọgbà, tí ọwọ́ ènìyàn ti tún ṣe, lè ní ogún, ogójì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìtànná náà bá rọ tán, ìdí rẹ̀ a wú, a sì di èso roboto tí ń pọ́n.

Òdòdó pupa fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ní ọ̀pá gígùn láàárín, èyí tí a fi ń yí ilé ìwé àti ilé àlùfáà ká, kì í ṣe rósì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Linnaeus, onímọ̀ igi ti ilẹ̀ Swídìn, fún un ní orúkọ Hibiscus rosa-sinensis ní ọdún 1753. Ẹbí ilá, òwú àti ìṣápá ni, ìṣápá tí àwọn ìyá wa ń sè pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Iṣẹ́ ọgbà yíyí ká ni tirẹ̀, ó sì ń ṣe é dáadáa.

Àwọn oríṣi rósì inú ọgbà

Ọdún 1867 ni àwọn onímọ̀ fi pa ààlà láàárín rósì àtijọ́ àti rósì òde òní, nítorí pé ọdún náà ni Guillot, ará ilẹ̀ Faransé, gbé rósì kan tí ó pè ní La France jáde, èyí tí a kà sí àkọ́bí ìran tí ń jẹ́ Hybrid Tea.

Nínú àwọn ti àtijọ́, kí a kọ́kọ́ mú àwọn tí ń fẹ́ òtútù: Gallica, Alba, Centifolia, àti Damask tí òórùn rẹ̀ borí gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn máa ń tanná. Wọ́n ní láti fi oṣù mélòó kan sùn nínú òtútù líle kí wọ́n tó lè jí pẹ̀lú ìtànná, irú òtútù bẹ́ẹ̀ kò sì sí ní gbogbo agbègbè Ọ̀ṣun. Bí a bá gbìn wọ́n sí Ìfọ́n, wọ́n lè ru ewé títí, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo ni olùgbìn yóò fi máa wò wọ́n.

Ìran Ṣáínà yàtọ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti ń tọ́jú rósì nínú ọgbà tipẹ́tipẹ́ kí àwọn oníṣòwò tó kó díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí Yúróòpù ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkọkàndínlógún, ohun tí ó sì ya àwọn ará Yúróòpù lẹ́nu ni pé igi wọ̀nyí kò dúró de àkókò: bí ìtànná kan ti ń rẹ̀ ni òmíràn ń yọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru títí òtútù fi dé. Láti inú dída ìran Ṣáínà pọ̀ mọ́ ìran Yúróòpù ni a ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ rósì tí ayé ń lò lónìí. Ìbátan rẹ̀ ni ìran Tea, tí orí ìtànná rẹ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń wà láàárín funfun, píńkì àti àwọ̀ ìyeyè. Méjèèjì fẹ́ràn ooru, wọn kò bèèrè òtútù, igi wọn kò sì nílò gígé púpọ̀. Ní tèmi, bí ẹnikẹ́ni ní Ìlobùú tàbí Ìfọ́n bá fẹ́ gbin rósì kan ṣoṣo ní ayé rẹ̀, nínú ìran méjì yìí ni kí ó ti mú un.

Hybrid Tea ni ìran tí ojú ayé mọ̀ jù. Ìtànná ńlá kan ṣoṣo lórí ọ̀pá gígùn kan, tí ewé òdòdó rẹ̀ ń yí ká ara wọn títí dé òkè: àwòrán rẹ̀ ni a ń rí lára káàdì ìgbéyàwó. Ọ̀kan tí ó lókìkí jù lọ nínú wọn ni Peace, tí Francis Meilland ní ilẹ̀ Faransé mú jáde, tí a sì fún ní orúkọ náà, tí í ṣe Àlàáfíà, ní ọdún 1945 nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí ní Yúróòpù. Ìran yìí lè yè lọ́dọ̀ wa bí a bá tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ooru a máa mú kí ìtànná rẹ̀ là kíákíá, kí ó kéré ju bí ó ti yẹ lọ, kí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣá kí ọjọ́ tó jìnnà.

Floribunda, tí ìdílé Poulsen ní ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í mú jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kì í tan ìtànná kan ṣoṣo lórí ọ̀pá. Ó ń tan ọ̀pọ̀ papọ̀ ní òṣùṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn pa pọ̀ bo ilẹ̀. Òun ni ó yẹ fún iwájú ilé ìwé, iwájú ààfin, àti iwájú ilé ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí a ti fẹ́ kí ènìyàn rí àwọ̀ láti òkèèrè.

Àwọn rósì tí ń gun òkè pẹ̀lú wà. Wọn kò ní ọwọ́ tí ẹ̀gúsí fi ń rọ̀ mọ́ nǹkan, wọn kì í sì í lọ́ mọ́ òpó bí iṣu ti ń ṣe; ẹ̀ka gígùn ni wọ́n ní, olùtọ́jú ni ó sì gbọ́dọ̀ fi okùn so ẹ̀ka náà mọ́ ògiri tàbí àtíbàbà. Bí a bá so ó ní ìbùú, tí kò dúró gangan, ojú kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀ka náà yóò yọ ìtànná. Ní ìparí, rósì kékeré inú ìkòkò wà, ọmọ ìran Ṣáínà kúkúrú, tí gíga rẹ̀ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ ni ó wà fún.

Ìwúlò rósì

Nínú gbogbo ìwúlò rẹ̀, òórùn ni ó ga jù. Ní Kazanlak ní ilẹ̀ Bùlùgéríà, ní Isparta ní ilẹ̀ Tọ́kì, àti ní Taif ní orí òkè ní Sáúdí Arébíà, odidi oko ni a fi ń gbin rósì Damask. Kí oòrùn tó mú ni àwọn olùkórè máa ń wọ oko, nítorí pé bí oòrùn bá ti ga, òróró inú ewé òdòdó yóò máa fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò sì di aláìlérè. Wọ́n a kó ewé òdòdó náà sínú ìkòkò bàbà ńlá pẹ̀lú omi, wọ́n a dáná sí i, oru omi tí ó bá jáde ni wọ́n a darí gba ọ̀pá kọjá nínú omi tútù títí yóò fi padà di omi. Òróró díẹ̀ yóò léfòó lókè. Òun ni òróró rósì. Omi tí ó kù nísàlẹ̀, tí òórùn ti wọ̀, ni omi rósì. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ; bẹ́ẹ̀ náà ni omi tí ó bá ewé rósì gbé. Ó tó 3,000 sí 4,000 kílò ewé òdòdó kí a tó rí kílò òróró kan ṣoṣo, ìdí sì nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ń ba ènìyàn lẹ́rù.

Èyí kò jìnnà sí wa bí a ti rò. Àwọn Mùsùlùmí Ìlobùú àti Ìfọ́n tí ń fi òróró olóòórùn dídùn para lọ sí ìrun Jímọ̀ mọ òórùn rósì, ì báà jẹ́ pé wọn kò rí igi rẹ̀ rí. Omi Sámúsámù tí a pò mọ́ omi rósì ni a sì fi ń fọ inú Kaaba ní Mẹ́kà nígbà tí àkókò fífọ̀ rẹ̀ bá tó.

Ìwúlò kejì tí ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀ ni ti ẹ̀sìn àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl. Òrìṣà Olúfọ́n kò kú sójú omi nígbà tí a kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú. Oxalufã ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àgbà Oxalá, aláṣọ funfun bí ó ti wà nílé. Ní oṣù kìíní ọdọọdún ní ìlú Salvador níbẹ̀, àwọn ìyá tí wọ́n wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ a máa ru ìkòkò omi olóòórùn dídùn tí a to òdòdó funfun sí lẹ́nu lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, wọ́n a sì fi omi náà fọ àtẹ̀gùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn olùfọkànsìn Yemọja a gbé òdòdó, rósì funfun sì pọ̀ nínú rẹ̀, lọ sínú òkun. Ní Ìfọ́n, ẹfun àti àlà ni Òrìṣà mọ̀, kò bèèrè rósì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bá ara wọn ní ilẹ̀ àjèjì wá ohun funfun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó wọn, wọ́n sì fi júbà baba. Mo ka èyí sí ohun ìwúrí púpọ̀, nítorí ó fi hàn pé ìtumọ̀ ni ó ṣáájú, ewé àti òdòdó ni ó tẹ̀ lé e.

Ti títà òdòdó gígé, Kẹ́ńyà ni aṣíwájú ní Áfíríkà. Ní ẹ̀bá adágún Naivasha, tí ó ga ju òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 1,800 mítà, ilé ọlọ́ràá ni wọ́n fi bo oko rósì, ọkọ̀ òfuurufú sì ń gbé ìtànná náà lọ sí Nẹ́dálándì ní òru kí ó tó rọ. Gíga ilẹ̀ ni àṣírí ibẹ̀: ọ̀sán wọn ní oòrùn, òru wọn sì tutù. Ní Nàìjíríà, Jọ́ọ̀sì tí ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ni ó súnmọ́ irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí rósì fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀.

Èso rósì pàápàá wúlò. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí ọkọ̀ ojú omi kò lè gbé ọsàn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ni a rán lọ sínú igbó láti já èso rósì ìgbẹ́, a sì fi ṣe omi dídùn fún àwọn ọmọ kéékèèké, nítorí pé fítámì C pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an. Àwa tí ọsàn ń jẹrà lọ́dọ̀ wa kò nílò rẹ̀ fún èyí. Ewé òdòdó rósì ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jẹ èyí tí a ti fín oògùn kòkòrò sí. Ní ti ọgbà yíyí ká, rósì tí ń gun òkè, tí a tẹ́ sí orí odi, a máa dènà olè àti ewúrẹ́ pẹ̀lú. Igi gogoro, má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọn yóò ti máa wò ó.

Gbígbìn rẹ̀ ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ni ó dára jù, nígbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí a yan ibi tí oòrùn òwúrọ̀ yóò ti mú un fún wákàtí mẹ́fà, tí òjìji yóò sì bò ó díẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ihò ẹsẹ̀ bàtà méjì ní jíjìn àti ní fífẹ̀ ni a ó gbẹ́, a ó sì po erùpẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa, nítorí pé èyí tí kò tí ì jẹrà yóò jó gbòǹgbò. Bí omi bá ń dúró níbẹ̀ lẹ́yìn òjò, kí a wá ibòmíràn.

Kì í ṣe dandan kí a ra igi tuntun ní gbogbo ìgbà. Láti ara rósì Ṣáínà tí aládùúgbò ní, a lè gé ẹ̀ka tí ó nípọn tó lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé, tí ìtànná rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, ní gígùn ínǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà lára rẹ̀. Nísàlẹ̀ ojú tí ó kẹ́yìn ni a ó ti gé e. A ó já ewé ìsàlẹ̀ dànù, a ó fi ewé méjì sílẹ̀ lókè, a ó sì ri ìdajì rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù tí ó kún fún erùpẹ̀ àti yanrìn. Abẹ́ ìbòòji ni yóò wà, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, bí a bá fà á fẹ́rẹ́ tí kò tẹ̀lé wa, ó ti ta gbòǹgbò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ń fa tirẹ̀ yọ lójoojúmọ́ láti wò ó ni kì í rí i kí ó hù.

Ní ti rírẹ́wọ́ rẹ̀, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀ka tí ó ti kú, èyí tí ó ń ṣàìsàn, àti èyí tí ó dábùú èkejì ni a ó kọ́kọ́ mú kúrò. Lẹ́yìn náà, a ó wá ojú tí ó kọ òde, tí kò kọ inú igi, a ó sì gé ẹ̀ka náà ní òkè rẹ̀ díẹ̀, ní dídàgẹ̀rẹ̀, kí omi òjò má bàa dúró lórí egbò. Ìparí oṣù kẹwàá ni a fi lè ṣe èyí, kí ìtànná lè bá ọjọ́ ìgbéyàwó àti àjọ̀dún oṣù kejìlá mu.

Ọ̀tá mẹ́ta ni rósì ní lọ́dọ̀ wa. Ikán ni àkọ́kọ́, tí í jẹ gbòǹgbò lábẹ́lẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí a má ṣe kó igi gbígbẹ tàbí pàǹtí sí ìdí rẹ̀. Èkejì ni àrùn àmì dúdú, tí í mú ewé nígbà òjò púpọ̀, tí àmì náà yóò fẹ̀, tí ewé yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí yóò sì já dànù títí igi yóò fi wà ní ìhòòhò. Kí a máa ṣa ewé tí ó bá já sun, kí a sì máa bu omi sí ìdí igi, kì í ṣe sórí ewé. Ọyẹ́ ni ẹ̀kẹta, tí ń jẹ́ kí kòkòrò tíntìntín tí ń fa omi ewé pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ràn síwájú sí i lè lọ sí ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí ń jẹ́ NIHORT ní Ìbàdàn, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, nítorí pé òdòdó ọ̀ṣọ́ wà lára iṣẹ́ tí a gbé lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú èso àti ẹ̀fọ́.

Ohun kan ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ ọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ ilé tuntun ní àwọn ìlú wa a máa da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá, wọ́n a hú akòko àti pèrègún tí bàbá bàbá wọn gbìn, wọ́n a sì ra òdòdó oníke sí orí tábìlì. Òdòdó oníke kò ní òórùn, kò ní èso, kò sí oyin tí yóò bà lé e. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rósì gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ akòko. Ilẹ̀ gba àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

1. Wá òdòdó pupa tí a fi yí ilé ìwé rẹ ká àti ìtànná ilá. Tú àwọn méjèèjì palẹ̀, kí o sì ya àwòrán ohun tí wọ́n fi jọra.

2. Nínú ìran rósì tí a kà sókè yìí, èwo ni ìwọ yóò yàn fún iwájú ààfin, èwo fún àtíbàbà, èwo fún ilé tí kò ní àgbàlá? Sọ ìdí rẹ̀.

3. Bí o bá rí igi rósì ní àdúgbò rẹ, gé ẹ̀ka mẹ́ta lára rẹ̀ bí a ti ṣàlàyé, kí o gbìn wọ́n ní oṣù karùn-ún, kí o sì máa kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

4. Béèrè lọ́wọ́ àgbà kan ní agbo ilé rẹ, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, irú igi tí ó wà ní àyíká ilé nígbà èwe rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí o tó bèèrè. Má sì ṣe já ewé kankan ní ojúbọ tàbí ní ojú ààlà láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni í fún ọ láṣẹ.